Ìyá Mẹ́rin àti Ìdáhùn Kan Tí Kò Lórúkọ

Becontree, Dagenham
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ooru. Mo gbọ́ pé ooru Òde-Rẹ́mọ ọdún yìí fẹ́ bó ènìyàn láwọ̀. Níbí, kóòtù òtútù la ṣì ń wọ̀ jẹun. Ṣé orúnkún yín ti gbà kí ẹ máa rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ ní kí n yé fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù, pé ẹ kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, nítorí náà mo jókòó kọ lẹ́tà. Kí Máyọ̀kún tó ni ṣọ́ọ̀bù fóònù tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín, kó má sì kà á.

Ọ̀rọ̀ Wúrà ọmọ mi ni. Láti oṣù kọkànlá ni ọmọ náà ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kì í jẹun dáadáa mọ́. Tí mo bá bá a wí, ẹkún. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi ní kí n ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú mi, bíi pé ojú mi ò ní iṣẹ́ míì.

Àfi bí ilé ìwé wọn náà ṣe wá ya wèrè. Wọ́n kó gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá, síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí wọ́n dáhùn ìbéèrè láìkọ orúkọ. Ẹ gbọ́ ìbéèrè o: "Kí ni ohun kan tó wù ọ́ kí àgbàlagbà ilé rẹ mọ̀, tí o kò lè sọ fún un?" Wọn ò bi wọ́n bóyá oúnjẹ ilé ìwé ń lọ lẹ́nu. Wọn ò bi wọ́n bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́. Inú ilé mi ni wọ́n fẹ́ wọ̀, wọ́n sì gba ojú fèrèsé wọlé.

Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n pe àwa òbí. Mo ti ń wa bọ́ọ̀sì láti ìdájí, Marks Gate lọ, Barking bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ lọ. Tíṣà wọn, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, gbé ìdáhùn wọn sójú pátákó ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó se àsè. Ọmọ kan fẹ́ kí wọ́n ra ajá. Òmíràn ní bàbá òun ń hanrun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni èyí jáde. Mo dà á kọ, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín:

"Ìyá mi máa ń ro ẹjọ́ mi fún gbogbo ayé lórí fóònù. Wọ́n á bá a gbàdúrà lé mi lórí. Tí mo bá ń sunkún, á ní kí n dákẹ́ kí ará ilé kejì má baà gbọ́. Ó ní òun máa dá mi padà sí Nàìjíríà. Kò bi mí rí pé kí ló ṣe mí."

Bàbá, ilẹ̀ ò lanu kí n kó sí i.

Wúrà ni. Ta ni ìbá tún jẹ́? Lẹ́yìn Kérésì mo pè yín nípa rẹ̀, mo pe Àǹtí Àdúrà ní Peckham, mo pe ìyá ìjọ. Ògiri ilé wa yìí sì fẹ́lẹ́, tí ará ilé kejì bá sín, orí àga mi ni mo ti ń kí i. Mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà náà fún un, ó lé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo délé, mo bi í, ó wò mí lójú, ó ní òun kọ́. Irọ́! Mo ti gba fóònù rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ààyè fún un ní ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, kó wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án. Kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí ilé.

Ọmọ yín,
Abímbọ́lá


Òde-Rẹ́mọ
Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta, 2025

Abímbọ́lá ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Orúnkún mi ń ṣe tirẹ̀, èmi náà ń ṣe tèmi, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Máyọ̀kún kà á, má tan ara rẹ. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé Wúrà ti ń jẹun.

Ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ọmọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Wọ́n ní Òyìnbó ló mú ìwé wá fún wa. Ta ni kó wá lọ mú ìwé fún Òyìnbó báyìí? Ọmọ tó jẹ́ pé tí o bá bi í lóhun tó fẹ́ jẹ, súìtì ni yóò pè, òun ni tíṣà ń bi ní àṣírí ilé! Wọ́n tún ní kó má kọ orúkọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí kò lórúkọ, lẹ́tà olè ni. Láyé tiwa, ẹni tó bá kọ irú rẹ̀ tó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn ènìyàn, ọ̀tá là ń pè é, a kì í pè é ní akẹ́kọ̀ọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí a bá ti kọrin tán, màá dúró níwájú gbogbo ọmọ, màá ní, "Ẹni tó bá ní ẹjọ́, kó bọ́ síwájú." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹnì kankan kò bọ́ síwájú. Kí lo rò pé ìyẹn fi hàn? Ó fi hàn pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Mi ò nílò kọ̀ǹpútà kí n tó mọ̀ ọ́n.

Fi ọmọ náà ránṣẹ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo ti lọ bá Ọlásúnkànmí, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di ọ̀gá ilé ìwé àwọn obìnrin báyìí. Bí mo ṣe wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó dìde, kò jókòó títí mo fi jáde. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta! Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́. Ó ti ya ààyè kan sọ́tọ̀ fún Wúrà.

Ìwọ náà gba ẹ̀bi tìrẹ. Nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún méjì, mo ní kí o fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. O ní o ò lè sùn láìrí i. Ẹ ti jọ sùn tó báyìí, àbí?

Gíláàsì tí o rán sí mi kò bá ojú mi mu. Wá òmíràn.

Bàbá rẹ,
J. A. Ọlágòkè


Becontree
Ọjọ́ Ìsinmi, 6 Oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú wàhálà ọmọ-ọmọ. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Ọlásúnkànmí, ẹ sì jẹ́ kó jókòó nígbà míì. Gíláàsì tuntun ń bọ̀. Mo ka lẹ́tà yín sókè fún Wúrà láti òkè dé ilẹ̀, kó lè mọ irú ilé tó ti jáde wá.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a parí ìsìn ní Upney, à ń ká aṣọ funfun wa sínú báàgì. Fọlá jókòó tì mí, ó ń mí ìmí ẹ̀dùn. Mo ní kí ló dé. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, tó wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Wúrà, ti tú òun síhòòhò lójú gbogbo òbí. Mo ní báwo. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi látorí: "Ìyá mi máa ń ro ẹjọ́ mi fún gbogbo ayé…"

Mo ní, "Fọlá, dúró ná. Wúrà ló kọ ìyẹn."

Ó wò mí bíi pé mo jí aṣọ rẹ̀ wọ̀. "Wúrà ibo? My own son! Ṣé mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni? Èmi ni mo máa ń sọ fún un pé, keep quiet, neighbours máa gbọ́!"

Ó ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ti mú un lọ bá wòlíì, wòlíì sì ti fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wa lọ́wọ́ lọ́wọ́ ni Ọládùnní bá dá sí i láti ìdí pẹpẹ, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí àwa méjèèjì yé pariwo, pé ọmọ òun obìnrin ló kọ ọ́, gbogbo ènìyàn ló mọ̀, òun sì ti mú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀.

Mo padà délé, mo lọ sọ fún Karimot lódìkejì títì kó lè bá mi rẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí ni, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú wòlíì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sister mi, àdúrà tí Alfa ti ń ṣe lé Kúnmi lórí láti three weeks ńkọ́? Ọmọ mi ló kọ ọ́ jàre."

Bàbá, igba ọmọ ó lé mẹ́rìnlá ló dáhùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ mẹ́rin ló ń jìyà rẹ̀.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bá tíṣà. Ó ní òun ò mọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì sí bí òun ṣe lè mọ̀. Fọlá ní kó wá a. Ó ní torí kí wọ́n má baà lè wá ẹnikẹ́ni ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé bóyá kí a gbé ohun tí ọmọ náà sọ yẹ̀ wò, ká fi ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ kékeré! Kò tíì bí ológbò, ó fẹ́ kọ́ wa ní ọmọ títọ́.

Mo ṣì mọ̀ pé Wúrà ni. Àwọn mẹ́ta tó kù ń tan ara wọn ni. Kí ààyè náà má bọ́ o.

Ọmọ yín,
Abímbọ́lá


Òde-Rẹ́mọ
Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹrin, 2025

Abímbọ́lá,

Mo rẹ́rìn-ín títí Máyọ̀kún fi sáré wá wò mí. Mo ti gbọ́ pé obìnrin ń jà nítorí ọkọ, mo sì ti gbọ́ pé wọ́n ń jà nítorí ilẹ̀. Pé ìyá mẹ́rin ń du èébú, tí kálukú ní tòun ni, etí mi kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fìlà kan ṣoṣo, ó bá orí mẹ́rin mu, ẹ wá ń jà lórí ẹni tó ni ín! Nínú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ta ló ní, "Rárá o, èyí kò jọ ilé tèmi"? Kò sí. Ẹ kú iṣẹ́ ìyá.

Ìyá rẹ tó ti sùn nínú Olúwa kò ro ẹjọ́ rẹ fún ará àdúgbò rí. Èmi nìkan ló máa ń rò ó fún, èmi náà á sì ṣe ohun tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn kò kàn mí. Ẹni tí kò lè dá akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ mọ̀ kò yàtọ̀ sí olùṣọ́ àgùntàn tó ń ka ìrù. Ọmọ náà ń bọ̀. Mo ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti ń kun yàrá tó kọjú sí ọgbà. Má wá kọ̀wé sí mi ní Oṣù Keje pé o ti yí ọkàn padà. Má dójú tì mí.

Bàbá rẹ,
J. A. Ọlágòkè


Barking
3 May 2025

Bàbá Àgbà,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ilé. Kọ̀ǹpútà library ni mo ń lò. Mummy ò mọ̀. Brother Túbọ̀sún tó ń kọ́ wa ní Yorùbá ní Sunday school ló bá mi tún un ṣe, but ọ̀rọ̀ mi ni.

Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, torí Mummy náà ò gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ. Mo kọ: "Kò sí. Everything's fine." Kì í ṣe òótọ́. Teacher ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀ wá, but mo mọ Mummy. Mo mọ̀ pé tí nǹkan bá jọ mí díẹ̀ báyìí, wọ́n máa wá mi kàn. Wọ́n sì wá mi kàn, lórí ohun tí mi ò kọ. Ẹni tó kọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó láyà jù mí lọ.

Mummy ka lẹ́tà yín fún mi. Ẹ ní ní gbogbo Friday, ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè bọ́ síwájú. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú. Kí ló máa ń wà lọ́wọ́ yín tí ẹ bá ń sọ bẹ́ẹ̀? Mo bi Mummy. Ó lọ sí kitchen, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Mi ò fẹ́ wá sí Nàìjíríà ní July. Mo fẹ́ràn yín. Tí ẹ bá ní kí n wá fún holiday, màá wá, kí ẹ lè fi ibi tí Mummy ti dàgbà hàn mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín fìyà jẹ mí.

Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ kí ẹ má baà sọ pé lẹ́tà olè ni.

Wúrà Moṣọpẹ́, ọmọ Abímbọ́lá


Òde-Rẹ́mọ
Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún, 2025

Abímbọ́lá,

Ọmọ rẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn rẹ. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Ó ń bi mí ní ohun tó wà lọ́wọ́ mi! Pàṣán ló wà lọ́wọ́ mi. Kí ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, òdòdó? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń pè mí lẹ́jọ́, ó tún wá akọ̀wé tó bá a tún Yorùbá rẹ̀ ṣe.

Sọ fún un pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ẹgbẹ̀rún ọmọ ló ti ọwọ́ mi kọjá, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó jáde pé mo ṣẹ òun. Kí o sì fi ọjọ́ tí ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ máa balẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti dúró tó.

J. A. Ọlágòkè


Becontree
Ọjọ́ Ìsinmi, 18 Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Ìkíni mi kò ní gùn lónìí, ẹ má bínú.

Ẹnì kan jáde rí. Èmi ni.

Kíláàsì karùn-ún ni mo wà, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ ní ẹni tó bá ní ẹjọ́ kó bọ́ síwájú. Mo gbà yín gbọ́, torí bàbá mi ni yín, ẹ ò sì parọ́ fún mi rí. Mo rìn láti ìlà ẹ̀yìn wá síwájú. Kí n tó la ẹnu, ẹ ní, "Ọmọ ọ̀gá kọ́ ni yóò wá máa fẹjọ́ sùn níbí." Ẹ nà mí lẹ́gba mẹ́fà lójú gbogbo ilé ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ ń ṣe ojúsàájú. Àwọn tíṣà yín pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní bàbá tó dáa nìyẹn. Nígbà tí a délé, ìyá mi fi òrí pa mí lẹ́yìn, ó ní kí n dákẹ́ kí ará ilé kejì má baà gbọ́.

Ẹ ò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ ò bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ò bi mí nígbà tí mo ṣègbéyàwó, ẹ ò bi mí títí mo fi wọ bàálù. Ẹ wá ń sọ fún ọmọ mi pé ẹnì kankan ò jáde rí. Lẹ́yìn tèmi, Bàbá, ta ló tún máa jáde?

Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí Wúrà náà. Ó lè kọ̀wé kọjá òkun, kò lè rìn láti yàrá rẹ̀ wá bá mi ní pálọ̀. Mi ò tíì mú tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò sì tíì ní mi ò ní mú un.

Abímbọ́lá


Òde-Rẹ́mọ
Ọjọ́ Ìsinmi, 29 Oṣù Kẹfà, 2025

Abímbọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. O pè, mi ò gbé e. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ tí mo fà ya. Nínú àkọ́kọ́, mo ní mo ti gbàgbé. Irọ́ ni. Mo rántí rẹ̀ dé orí bí wọ́n ṣe dirun rẹ lọ́jọ́ náà. Nínú èkejì, mo ní bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Nínú ẹ̀kẹta, mo ń wá ẹsẹ Bíbélì kiri láti fi ti ara mi lẹ́yìn, ojú ara mi wá tì mí.

Mo wá ṣe ohun tí o lè fi mí ṣẹ̀sín títí màá fi kú. Mo ní kí Máyọ̀kún bá mi ṣe ìbéèrè aláìlórúkọ yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lórí WhatsApp wọn, àwọn tó máa ń kọ "Bàbá wa, ẹ ṣeun tí ẹ nà wá" ní gbogbo ọjọ́ ìbí mi. Mo ní kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi tí wọn kò lè sọ. Kí n má purọ́ fún ọ: ìyìn ni mò ń retí. Mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ọ kí n fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́.

Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló dáhùn. Àwọn kan yìn mí lóòótọ́. Ẹnì kan ní ìṣirò tí mo kọ́ òun kò yé òun rí, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun sọ. Ẹlòmíràn kọ èyí: "Ẹ ní kí a bọ́ síwájú. A rí ohun tí ẹ ṣe fún ọmọ tí ẹ bí. Kí lẹ fẹ́ ṣe fún àwa tí ẹ kò bí?"

Ṣé o mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe? Mo mú bírò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó lè jẹ́. Mo ti kọ méje, mo ti ń wá nọ́ńbà Ọlásúnkànmí kó bá mi wádìí wọn. Máyọ̀kún wò mí, ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá rí i, ṣé ẹ fẹ́ nà án ni?" Mo gbé bírò sílẹ̀. Èmi tí mo fi ìyá mẹ́rin rẹ́rìn-ín!

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Ọlásúnkànmí, mo ní kó fi ààyè náà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ó dìde dúró bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Mo ní, "Ọlásúnkànmí, mo bẹ̀ ọ́, jókòó." Ó ń làágùn, Abímbọ́lá. Kò lè jókòó.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di pàṣán mú. Má fi Wúrà ránṣẹ́ sí mi kí n tún un ṣe. Àwọn ará ìjọ lè fi mí ṣẹ̀sín bó bá ṣe wù wọ́n. Kó wá nígbà tó bá wù ú, kó wá jẹun, kó padà lọ.

Ohun tí o fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà, mo ń bi ọ́ báyìí. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Bí o kò bá fẹ́ dáhùn, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n lọ bi ọmọ tìrẹ kó tó pẹ́.

Bàbá rẹ


Becontree
Ọjọ́ Ìsinmi, 13 Oṣù Keje, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣe méjèèjì pọ̀. Ibùdó bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo wa ọkọ̀ jáde, mo kọjá ibi méjì tó yẹ kí n dúró sí, àwọn èrò sì bú mi débi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ tèmi ti dúró pẹ́, ó lè dúró di ìgbà tí a bá fojú kan ara wa. Inú mi dùn pé ẹ bi mí. Ẹkún ni mo sun.

Níbí, Fọlá ti dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀. Karimot ní kí Alfa sinmi. Ọládùnní ní àwa ni a ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ, ó ní tòun ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ka lẹ́tà yín fún un, ó ní ogbó ló ń dà yín láàmú. Ẹni tó kọ ìdáhùn yẹn, a ò mọ̀ ọ́n títí dòní, mi ò sì wá a mọ́.

Lánàá mo lọ kan ilẹ̀kùn Wúrà. Mo kàn án, Bàbá. Mi ò kàn ṣí i wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí n wọlé, mo jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Wúrà, kí ló ṣe ẹ́?" Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo rí i pé ẹnu mi ò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mẹ́rìnlá!

Ó ní, "Mummy, tí mo bá sọ fún yín, ta lẹ máa pè?"

Mo fẹ́ bínú. Ó ti dé orí ahọ́n mi pé irú ìbéèrè rádaràda wo nìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sì ti mọ àwọn tí màá pè: ẹ̀yin ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà Àǹtí Àdúrà, lẹ́yìn náà ìyá ìjọ. Mo pa á. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó jókòó lé ìrọ̀rí náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Ó sọ ọ́ títí ìrẹsì fi jóná nílé ìdáná, àwa méjèèjì ń gbóòórùn rẹ̀, ẹnì kankan ò dìde. Ó sunkún, mi ò ní kó dákẹ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe, èmi àti òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Mo mọ̀ yín, mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ mọ ohun tó sọ. Ẹ má bi mí, Bàbá. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún.

Ọmọ yín,
Abímbọ́lá